Ó ń ka gbogbo pátákó ojú títì, kò sì lè sọ pé ebi ń pa òun: àlàyé lórí ọ́tísíìmù àti ìfẹ́ ọ̀rọ̀

Kí ló tún gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022. Ìlànà ọ̀hún ló ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Àwọn tó ń jà fún Yorùbá sọ tiwọn, àwọn tó ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé ọmọ dé ibi gíga náà sọ tiwọn, ariwo sì pọ̀.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kàn lọ́nà mìíràn, a ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn wọn: àwọn òbí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, nílé ìwé tàbí nílé ìwòsàn, pé kí wọ́n yéé sọ Yorùbá sí ọmọ náà kí èdè méjì má bàa da orí rẹ̀ rú. Ìkéde Àbújá wá dà bí ẹ̀rí fún ìmọ̀ràn yẹn lójú wọn. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni ìkéde náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n méjèèjì ti lọ́ mọ́ra wọn lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Ohun tó tún ń rúni lójú ni pé láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí gan-an la ti ń rí àwọn tí ìwé kíkà, sípẹ́lì àti èdè wọ̀ lára ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta á jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ láti Owódé dé Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, á máa ka gbogbo pátákó tí wọ́n bá kọjá, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti kẹ́míìsì, ti olóṣèlú. Bó bá délé, á ka nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá omi. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ẹkún ló máa sun.

Kí ni ọ́tísíìmù, ibo ni ọ̀rọ̀ sísọ sì ti wọ̀ ọ́?

Ọ́tísíìmù kì í ranni, kì í sì í ṣe wèrè. Bí ọpọlọ ṣe dàgbà ni, láti inú oyún wá. Nínú DSM-5, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, ohun méjì ni wọ́n ń wá. Èkíní ni ìṣòro nínú bíbá ènìyàn lò: sísọ-kí-n-sọ, wíwo ojú ẹni, mímọ ohun tí ẹlòmíràn ní lọ́kàn. Èkejì ni àṣetúnṣe: kí ènìyàn máa ṣe nǹkan kan náà lọ́nà kan náà, kí ọkàn rẹ̀ wọ inú ohun kan ṣoṣo débi pé kò ní ráyè fún òmíràn, kí ariwo, ìmọ́lẹ̀ tàbí aṣọ kan máa ni ín lára ju bó ṣe ń ni àwọn yòókù lọ. ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àjọ náà ṣírò pé ní 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú 127 láyé ló ní in.

Ẹ kíyè sí i pé àìlèsọ̀rọ̀ kò sí nínú méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ ni dókítà máa ń kọ ìyẹn sí: bóyá ìṣòro èdè wà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí kò sí. Ẹni tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí lè ní ọ́tísíìmù, ẹni tó gbọ́ èdè mẹ́fà náà lè ní in. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹnu wọn já gaara ni wọ́n máa ń fún ní orúkọ Asperger tẹ́lẹ̀, kí DSM-5 tó fa orúkọ yẹn wọ inú ọ́tísíìmù. Hans Asperger fúnra rẹ̀, dókítà ọmọdé ní Vienna, ní 1944, pe àwọn ọmọ tó kọ̀wé nípa wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n kéékèèké, nítorí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kàwé. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni Leo Kanner, dókítà ọpọlọ ọmọdé ní Baltimore, ti ṣàpèjúwe ọmọ 11 tó ní ọ́tísíìmù. Èkíní nínú wọn ti há Sáàmù 23 sórí nígbà tó ṣì kéré jọjọ, pẹ̀lú ìbéèrè àti ìdáhùn 25 nínú kátékísìmù ìjọ wọn.

Kí ló wá mú kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn? Àlàyé tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó ní ọ́tísíìmù fúnra wọn ni èyí tí Dinah Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 2005: pé ọkàn ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pín sí ojú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ojú kan ló máa ń dà sí, á sì jinlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́tà sì rọrùn láti dà á sí. Lẹ́tà kì í bínú, kì í yí ojú padà, "b" àná náà ni "b" òní. Ènìyàn ò rí bẹ́ẹ̀.

Báwo lọmọ á ṣe kàwé tí kò ní mọ ohun tó kà?

Norman àti Margaret Silberberg ló fún un lórúkọ ní 1967: hyperlexia. Ọmọ á mọ̀wé kà kó tó pé márùn-ún, nígbà mìíràn kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó délẹ̀, láìsí ẹni tó jókòó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n òye ohun tó kà á wà lẹ́yìn jìnnà. Kò dá dúró bí àìsàn nínú DSM-5. Nígbà tí àwọn olùwádìí kan kó gbogbo irú rẹ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ jọ ní 2017, wọ́n rí i pé ó ju mẹ́rin lọ nínú márùn-ún àwọn ọmọ náà tó ní ọ́tísíìmù. Èyí kò sọ pé gbogbo ọmọ tó bá tètè mọ̀wé kà ló ní in o.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìwé kíkà. Kí ojú sọ lẹ́tà di ohùn, ìyẹn ni èkíní, òfin tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ni, ọmọ tó fẹ́ràn òfin á sì gbé e. Kí ohùn di ìtumọ̀ ni èkejì, ìyẹn sì gba kí ènìyàn mọ ayé, kó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó mọ ohun tẹ́ni náà ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń fi èkíní díwọ̀n èkejì, wọ́n á ní ọmọ tó lè ka ìwé ìròyìn kò ní ṣàì mọ ohun tí a ń sọ, oríkunkun ló ń ṣe. Wọ́n á wá nà án.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ̀ ẹ́ wò nílé, láì jẹ́ kó kàwé sókè rárá. Ẹ kọ "Gbé bàtà wá" sórí ìwé, ẹ fi hàn án, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má nàka. Bó bá kà á tó sì jókòó, ohùn nìkan ló dé. Bó bá dìde, ẹ tẹ̀ síwájú: ẹ ya àwòrán mẹ́ta, ajá lórí àga, ajá lábẹ́ àga, ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹ kọ "Ajá wà lábẹ́ àga", kó fọwọ́ kan èyí tó bá a mu. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè "kí ló dé". Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìwé tó le sí i.

Ìwé kan náà lè di ọ̀nà ọ̀rọ̀ sísọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ kí ọmọ tó mú un. Ti orí ìwé dúró dè é. Ẹ gé páálí bí àtẹ́lẹwọ́, ẹ kọ gbólóhùn kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Mo fẹ́ omi." "Ebi ń pa mí." "Ó tó." "Ẹ dín ariwo kù." Mẹ́rin péré lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lẹ ti omi mọ́ ibi tí omi wà, ní gíga ojú ọmọ. Gbogbo ìgbà tó bá mú un wá, kó rí omi gbà lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún tán. Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni pé a á ní kó kọ́kọ́ kà á sókè fún àlejò, káàdì á sì di eré ìdárayá. Tàbí kí a kọ ọgbọ̀n lọ́jọ́ kan. Tàbí kí a kọ "Mo fẹ́ omi" lónìí, kí a kọ "Ẹ fún mi lómi" lọ́la. Ọmọ tó fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an á rò pé nǹkan méjì ni.

Ó ń dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi. Ṣé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni?

Rárá. "Ṣé o fẹ́ jẹun?" lẹ ó bi í, "Ṣé o fẹ́ jẹun?" lòun náà á fi dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ló sì ń wí. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní echolalia. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ ayékòótọ́ tí kò nítumọ̀, tí a gbọ́dọ̀ pa lẹ́nu ọmọ. Ìwádìí tí Barry Prizant àti Judith Duchan ṣe ní 1981 ló yí èrò yẹn padà: wọ́n rí i pé ọmọ a máa fi àtúnsọ béèrè, gbà, dúró ronú, tàbí kó fi mú ara rẹ̀ balẹ̀. Òmíràn kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ lọ́jọ́ tí ọmọ ṣubú lè padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀, òkè lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, nígbàkúùgbà tí nǹkan bá dùn ún.

Níbí ni "mo" àti "o" ti ń dojú rú. Ọmọ gbọ́ pé "o" ni wọ́n ń pe òun, òun náà á pe ara rẹ̀ ní "o". Ẹ yí i padà láti ẹnu tiyín: bí ẹ bá ń gbé àwo kalẹ̀, ẹ sọ ohun tí ì bá jáde lẹ́nu ọmọ, "Mo fẹ́ jẹun", lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ má sọ pé "Sọ pé mo fẹ́ jẹun", torí "Sọ pé mo fẹ́ jẹun" lẹ máa gbọ́ padà, ó sì lè wà lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan.

Àríyànjiyàn kan wà lórí èyí tí àwọn òbí ń bá pàdé lórí fóònù lójoojúmọ́. Àwọn kan, tí wọ́n tẹ̀ lé Marge Blanc, onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ kan, láti 2012, ní odindi gbólóhùn ni irú ọmọ yìí fi ń kọ́ èdè, kí á máa fún un ní gbólóhùn títí á fi tú u sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn nínú iṣẹ́ náà ní ẹ̀rí kò tíì tó: àwọn tó ṣàyẹ̀wò ọ̀nà náà ní 2024 kò rí ìwádìí kan tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Pé àtúnsọ ní ìtumọ̀, ìhà méjèèjì gbà bẹ́ẹ̀.

Yorùbá là ń sọ nílé. Ibo ló ti rí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà?

Nínú fídíò ni. Kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2019, Mikhail Kissine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ní Tùnísíà. Lárúbáwá ìlú wọn ni gbogbo ilé ń sọ, ṣùgbọ́n Lárúbáwá inú ìwé àti kàtúùnù ló ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ wọ̀nyí, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé. Wọ́n kọ́ èdè láìsí ẹni tó bá wọn sọ ọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ nípa èdè ti ní kò ṣeé ṣe.

Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Fídíò á sọ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú ohùn kan náà nígbà ogún, ọ̀rọ̀ kíkọ á máa kọjá lábẹ́ rẹ̀, kò ní bínú, kò sì ní ní kí ọmọ wo ojú òun. Ìyá, bàbá àti màmá àgbà á sọ ohun kan náà ní ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn aládùúgbò á máa kí ọmọ náà ní "ọmọ òyìnbó", inú òbí á sì dùn díẹ̀, títí tí wọ́n á fi rí i pé màmá àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kò gbọ́ ohun tó ń béèrè.

Ṣé fóònù ló wá fa ọ́tísíìmù? Rárá. Ọ̀rọ̀ "ọ́tísíìmù fóònù" tó ń kiri kò sí nínú DSM, kò sí nínú ICD. Àjogúnbá ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kọ́: ìwé Andrew Wakefield ti 1998 tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé e jáde ti fà á padà ní 2010. Àmọ́ wákàtí tí ọmọ lò lójú fóònù, kò lò ó pẹ̀lú ènìyàn. Ohun tó ń pàdánù nìyẹn.

Ṣé kí a wá pa Yorùbá tì ni?

Ẹnu kò kò lórí èyí, ó sì yẹ kí á gbọ́ tọ̀tún-tòsì.

Àwọn tó ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò sọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n ní ọmọ tí èdè kan nira fún, méjì á tún nira ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ìwé, áàpù àti káàdì ìkọ́ni tó wà lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni, àní láti ọdún 2025. Ọmọ náà fúnra rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló yàn.

Ìwádìí tí Catherine Hambly àti Eric Fombonne ṣe ní Kánádà ní 2012, àti àwọn tó tẹ̀ lé e, fi àwọn ọmọ ọ́tísíìmù tó ń gbọ́ èdè méjì wé àwọn tó ń gbọ́ ẹyọ kan. Àwọn elédè méjì kò pẹ́ sọ̀rọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ìdíwọ̀n rẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà ti Àríwá ló pọ̀ jù nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é, èdè olóhùn bíi tiwa kò sì wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé èdè méjì ń pa ọmọ lára kò yọjú, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn òbí kò dúró lórí ohun mìíràn ju ìbẹ̀rù yẹn lọ.

Ohun tó ṣe kókó jù, lójú ẹni tó bá ti rí i bí ó ṣe ń lọ nínú ilé, ni ẹni tó ń bá ọmọ gbé. Bí wọ́n bá ní kí ìyá tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán mọ́rán fi Yorùbá sílẹ̀, "come", "sit", "no", "eat" ló máa kù lẹ́nu rẹ̀. Ìtàn á tán, orin á tán, àlàyé pé kí ló dé tí a ò fi lọ sí ọjà lónìí á tán. Ọmọ tó nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀ á wá máa gbọ́ díẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe ń dúró sí báyìí nìyí: èdè ẹni tó ń tọ́jú ọmọ lójoojúmọ́ ni kó ṣáájú. Bí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì fídíò béèrè nǹkan, ẹ fún un, kí ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá lẹ́ẹ̀kan bí ẹ ṣe ń fún un. Ẹ má fi nǹkan náà dù ú títí á fi sọ Yorùbá.

Kí ló dé tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ?

Èyí ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó jù, tí a kì í sì í sábà sọ. Ní 1983, Uta Frith àti Margaret Snowling fún àwọn ọmọ ọ́tísíìmù ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ bákan náà ṣùgbọ́n tí ìpè rẹ̀ yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà mọ̀wé kà dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò lo ìyókù gbólóhùn láti mọ ìpè tó yẹ. Àwọn olùwádìí mìíràn ti jiyàn lẹ́yìn náà pé bí a bá ṣàlàyé fún wọn tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ á ṣe é. Èyí kò yí ọ̀rọ̀ pé wọn kì í ṣe é fúnra wọn padà.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tí a kọ láìfi àmì sí i, òun ló kún bámúbámú. Ẹ kọ "igba" sílẹ̀ láìsí àmì ohùn: ṣé igba ni, ṣé igbá, ṣé ìgbà, tàbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, "oko" á di oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Pátákó ojú títì, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ orí WhatsApp, gbogbo rẹ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Àwa yòókù ń fi ọgbọ́n gbé e, a ń wo ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ń ka lẹ́tà bí lẹ́tà ṣe rí gan-an, ohun tí kò sí lórí ìwé kò sí. Á pè é ní ohùn kan gbọrọgbọrọ, ilé á rẹ́rìn-ín, á sì padà sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Àwọn òbí á ní Yorùbá ò wọ̀ ọ́ lórí. Ohun tí wọ́n gbé fún un ni kò pé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó lórí. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi gbogbo àmì sí i, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Pátákó ìtẹ̀wé Google lórí fóònù ní Yorùbá tó ń fi àmì sí i. Ẹ fi dò-re-mí kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ìwé: igbá ni re-mí, ìgbà ni dò-dò, igbà ni re-dò, igba ni re-re. Àwọn ìwádìí lórí orin, pàápàá ti Pamela Heaton, ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ ọ́tísíìmù máa ń mọ gíga ohùn yàtọ̀, wọ́n sì máa ń rántí rẹ̀, ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ohun tó ń lé àwọn ọmọ mìíràn sá nínú ìwé Yorùbá lè jẹ́ òun gan-an ló máa fa tiyín mọ́ra. Ẹ múra sílẹ̀ o: bó bá ti mọ̀ ọ́n, á máa fi gègé tún ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì kọ. Yóò sì bi màmá àgbà pé kí ló dé tí wọ́n ń pe "ṣé" ní "sé", bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń pè é ní agbègbè wa. Ẹ sọ fún un pé báyìí ni ilé wa ń sọ ọ́, báyìí ni ìwé ń kọ ọ́, méjèèjì tọ̀nà. Òfin ni ìyẹn náà, á sì gbà á.

Ó mọ ọ̀rọ̀ tó báyìí. Kí ló dé tó ń rí ènìyàn fín?

Yorùbá ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ààbọ̀ yẹn gan-an ni kì í di odindi nínú ẹni tó ní ọ́tísíìmù. Ẹni tó ń jẹun ní "ẹ wá jẹun", ó sì ń retí kí àlejò dúpẹ́. Ọmọ yìí á jókòó, á bu òkèlè. Àbúrò bàbá rẹ̀ á sọ pé ọwọ́ òun dí, á wo ọwọ́ náà. Ìyá rẹ̀ á ní "ó dáa, máa ṣe é lọ", pẹ̀lú ìbínú, á sì máa ṣe é lọ.

"Ẹ" àti "o" ló ń fa wàhálà jù, nítorí Gẹ̀ẹ́sì inú fídíò kò ní i. Ọmọ tó pe bàbá àgbà ní "o", àìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n á kà á sí, ìyá rẹ̀ ni wọ́n á sì dá lẹ́bi. "Bọ̀wọ̀ fún àgbà" kò tó fún un. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ará ilé àti àdúgbò sí ìlà méjì, àwọn "ẹ" níhìn-ín, àwọn "o" lọ́hùn-ún, kí ẹ wá fi òfin kan sí ìsàlẹ̀: ẹni tí n kò bá mọ̀, "ẹ" ni. Fún àkànlò èdè, ìwé kékeré kan tó ní ojú méjì: ohun tí wọ́n sọ, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ á gba ìwé náà mọ́ yín lọ́wọ́, wọ́n á máa kún un fúnra wọn.

Ibi tí òfin bá ti hàn gbangba, èdè wa dùn mọ́ wọn gan-an. "Ẹ kú" tí a lè lẹ̀ mọ́ ohunkóhun, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Òǹkà tó ń yọ kúrò kó tó dé: 35 ni márùndínlógójì, 500 ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn 600 tí a yọ 100 nínú rẹ̀. Ẹnà. Oríkì. Ààlọ́ àpamọ̀ ló lè ṣòro, títí wọ́n á fi mọ̀ pé òun náà ní ọ̀nà tó ń gbà.

Damian Milton, onímọ̀ àwùjọ tóun náà ní ọ́tísíìmù, kọ ọ́ ní 2012 pé àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí kì í ṣe ti ẹnì kan: àwa náà kì í gbọ́ wọn yé. Ẹni tó sọ òtítọ́ gbọọrọ sí wa, a ní ó ń fi wá wọ́lẹ̀.

Ṣé gbogbo wọn ló máa gbọ́ èdè ogún?

Àwọn tí fídíò ń gbé kiri ṣọ̀wọ́n. Daniel Tammet, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní ọ́tísíìmù, kọ́ èdè Iceland láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fi í dáhùn ìbéèrè lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Ọkùnrin mìíràn, Christopher, tí Neil Smith àti Ianthi Tsimpli kọ̀wé lé lórí ní 1995, ń ka èdè tó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, bẹ́ẹ̀ kò lè dá gbé. Wọ́n dá èdè tuntun kan sílẹ̀ láti fi dán an wò. Èyí tó jọ èdè ènìyàn nínú rẹ̀, ó gbé e kíá; òfin tó ní kó ka ọ̀rọ̀ dé ẹ̀kẹta kó tó fi àmì sí i, kò rí i ṣe. Bó bá sì ń túmọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń tú ọ̀rọ̀, kò bìkítà bí gbólóhùn bá di ìsọkúsọ.

Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹ́ ẹni tó ń ka ìwé atúmọ̀ èdè bí ẹni ka ìtàn, tó ń rí àṣìṣe kan ṣoṣo lójú ìwé ọgọ́ta.

Àwọn tí kò sọ̀rọ̀ rárá ńkọ́?

Nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ ọ́tísíìmù ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kì í ju díẹ̀ lọ títí wọ́n fi ń lọ sí ilé ìwé. Àìsọ̀rọ̀ kì í ṣe àìmọ ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń fi àwòrán, káàdì tàbí fóònù tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn sọ ti inú wọn, èyí kì í sì í dí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ bí òbí ṣe ń bẹ̀rù.

Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀nà kan wà tí olùrànlọ́wọ́ ti máa ń di ọwọ́ ẹni náà mú, tàbí tó ń di pátákó lẹ́tà mú fún un, tí gbólóhùn ńláńlá á sì máa jáde. Àyẹ̀wò àwọn ọdún 1990 lórí ti ọwọ́ dídìmú fi hàn pé nígbà tí olùrànlọ́wọ́ kò bá rí ìbéèrè, ìdáhùn kì í tọ̀nà: òun ló ń kọ ọ́, láìmọ̀. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ní Amẹ́ríkà ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn má lò ó. Àwọn ẹbí tó ń lò ó kò gbà. Wọ́n ní ohùn ọmọ àwọn ni wọ́n ń gbà lẹ́nu rẹ̀. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: kí olùrànlọ́wọ́ jáde, kí ẹ fi nǹkan kan han ọmọ náà, kí olùrànlọ́wọ́ padà wọlé, kí ọmọ náà wá sọ ohun tí òun rí.

Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́?

Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ọ́tísíìmù. Ọmọ tí kì í dáhùn orúkọ rẹ̀ lè jẹ́ pé kò gbọ́ dáadáa, pé ó ń gbọ́ ìró ọ̀rá bísíkíìtì láti yàrá kejì kò sì fi hàn pé gbogbo ìró ló ń gbọ́. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn LAUTECH àti ti Bowen wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ọ̀yọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ló ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí. UCH ní Ìbàdàn, nǹkan bí kìlómítà 100 sí Ògbómọ̀ṣọ́, ni ọ̀pọ̀ máa ń lọ fún dókítà ọpọlọ ọmọdé. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á, ṣùgbọ́n kó má fi ọdún méjì lórí òkè rọ́pò àyẹ̀wò etí. Ọmọ ẹ̀mẹ̀rẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ti fún ọ̀pọ̀ irú ọmọ yìí, orúkọ náà kò sì kọ́ ọmọ kan ní "mo fẹ́ omi" rí.

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ kọ gbogbo gbólóhùn tí ọmọ bá sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, èdè tó fi sọ ọ́, ibi tó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ẹ bá mọ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ẹ ya fídíò ìṣẹ́jú méjì níbi tó ti ń ṣeré lóun nìkan, àti méjì mìíràn níbi tó ti ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ yín. Ẹ mú ìwé tó fẹ́ràn jù dání. Bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò bá gbọ́ Yorùbá, kí ẹnì kan tó gbọ́ méjèèjì bá yín lọ, kí wọ́n dán ọmọ wò ní èdè méjèèjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde pé èdè méjì ni wọ́n lò.